Kí Ló Dá Bàbá Dúró Sílé fún Wákàtí 11?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìjerò-Èkìtì ni bàbá mi ń gbé. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, olùkọ́ sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ iyán tán, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, wọ́n ní ó ń ṣe àwọn bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé àwọn láyà. Òógùn bò wọ́n. Wọ́n ní iyán ni kò tíì dà. Màmá mi ní kí àwọn máa lọ sí ọsibítù, bàbá ní kí wọ́n má dá àwọn lágara. Màmá fi òrí pa wọ́n láyà. Nígbà tó tún le lóru, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n ké sí oníkẹ́míìsì àdúgbò, onítọ̀hún sì wá fún wọn ní abẹ́rẹ́ ọgbẹ́ inú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ọsibítù. Ẹ̀mí wọn kò bọ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà sọ pé apá kan iṣan ọkàn wọn ti kú. Kí ló lè mú kí ẹni tó kàwé jókòó ti irú ìrora bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 11? Ṣé agídí ni? Inú ṣì ń bí mi sí màmá mi pé wọn kò pariwo.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, arábìnrin mi, Ọlọ́run yóò wo ohun tó kù sàn. Mo ti gbọ́ ìbéèrè yín yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá tàbí ìyá wọn níhìn-ín ní Èkìtì, ìbínú ni wọ́n sì sábà máa ń fi bi í. Èrò tèmi, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo ti fi ń tẹ́tí sí ìtàn irú òru bẹ́ẹ̀, ni pé kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe àìkàwé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí 11 yẹn ni gbogbo ilé fi wá orúkọ fún ohun tó ń ṣe bàbá, wọn kò sì rí orúkọ tó bá a mu títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lọ nínú àyà wọn ní gbogbo àkókò náà, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní heart attack. Iṣan ni ọkàn. Òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń jẹun láti inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn lára lóde. Ọ̀rá máa ń gbára jọ sára ògiri àwọn òpó wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tó ń fa sìgá. Lọ́jọ́ kan, ojú ibi tí ọ̀rá yìí ti gbára jọ yóò sán, ẹ̀jẹ̀ yóò sì sáré dì sójú ibẹ̀ bó ṣe máa ń dì sójú ibi tí ọ̀bẹ bá ti gé wa lọ́wọ́. Lójú ọwọ́, dídì yẹn dára. Nínú òpó tí kò fẹ̀ ju igi ìṣáná lọ, ó di ìdènà. Apá ọkàn tó ń retí ẹ̀jẹ̀ láti ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní nǹkan bí ìdajì wákàtí, ikú náà a sì máa ti inú bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wákàtí mẹ́fà bá fi máa kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à bá gbà là ti lọ. Iṣan ọkàn tó bá ti kú kì í hù padà, àpá ni yóò dá, àpá kò sì lè ti ẹ̀jẹ̀.

Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì náà wà, wọ́n sì tún lè gba ọwọ́ tàbí ìdí itan ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú òpó náà kí wọ́n fi là á. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, láàárín wákàtí méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Bí wákàtí 12 bá ti kọjá, oògùn tó ń tú u kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ mọ́. Àspírìn lásán tí gbogbo wa mọ̀ pàápàá ní agbára níbi ọ̀rọ̀ yìí: nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní ISIS-2, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1988, tí àwọn aláìsàn tó kópa nínú rẹ̀ sì lé ní 17,000, àspírìn nìkan dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Oògùn kò wọ́n wa tó bí a ṣe rò. Ohun tó wọ́n wa ni kí aláìsàn dé nígbà tí oògùn ṣì wúlò.

Ẹ wá wo òru yẹn pẹ̀lú mi.

Aago mẹ́sàn-án, iyán ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlẹ̀, nǹkan sì di bàbá láyà. Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ Èkìtì kọ́kọ́ rò? Iyán ni oúnjẹ tó kẹ́yìn, iyán ni yóò sì jẹ̀bi. Ẹni tó bá sọ pé oúnjẹ òun ni kò dà ti ní oògùn rẹ̀ nílé: omi gbígbóná, oògùn tó ń hó nínú ife, kí ó dìde rìn díẹ̀. Ìtumọ̀ yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí nínú ìgbà 20 tí nǹkan bá di bàbá láyà lẹ́yìn oúnjẹ láyé wọn, ó lè jẹ́ pé ìgbà 20 náà ni oúnjẹ jẹ̀bi lóòótọ́. Ìgbà kọkànlélógún ni ọ̀rọ̀ yí padà, ìgbà náà kò sì wọ aṣọ tó yàtọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí ni ohun tí wọ́n ń rí nínú fíìmù: ọkùnrin kan a di àyà mú, a ké, a ṣubú lulẹ̀. Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí i pé ẹni tí tirẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ bíi ti fíìmù yìí máa ń tètè dé ọsibítù, àti pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá jọ ohun tó ti ń retí ni ó máa ń pẹ́ jù. Èyí tó pọ̀ jù ni kì í sì í jọ ọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í tilẹ̀ pè é ní ìrora. Wọ́n á ní ó ń tẹ̀ mí, ó wúwo, ó fún mi láyà bí ẹni fi okùn dì mí. Ó lè lọ sí apá, sí ọrùn, sí àgbọ̀n, sí ẹ̀yìn, ó sì lè dúró sí òkè ikùn níbi tí gbogbo ayé ń pè ní ibi ọgbẹ́ inú. Àwọn àgbàlagbà, àwọn obìnrin, àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lè má ní ìrora kankan rárá, kó jẹ́ èémí tó ń gbe, èébì, tàbí àárẹ̀ tí kò ní ìdí. Ó tún wá burú sí i pé ó lè lọ kó tún bọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè tú díẹ̀ kó sì tún dì. Nígbà tó bá lọ, gbogbo ilé á ní "a dúpẹ́", wọ́n á sì padà lọ sùn. Ẹ wò ó nínú ìtàn tiyín: "nígbà tó tún le lóru". A jẹ́ pé ó ti rọlẹ̀ láàárín kan, ìrọlẹ̀ yẹn ló sì jẹ yín ní wákàtí bíi mélòó kan.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí mi ò rí kí wọ́n sọ ọ́ tó bó ṣe yẹ láàárín wa. Àìsàn tó ní orúkọ nílé Yorùbá ní eré tirẹ̀. Bí gìrì bá mú ọmọ lóru, ẹ ó rí i bí gbogbo agboolé ṣe máa ń tú síta: ẹni tó ń wá síbí, ẹni tó ń wá ọkọ̀, ìyá ọmọ lẹ́sẹ̀ òfìfo lójú ọ̀nà. Mi ò sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe sí gìrì ló dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò ní kí a dúró kí ilẹ̀ mọ́. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí apá sì rọ, wọ́n á ní rọpárọsẹ̀ ni, ẹ̀rù á sì ba olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ tí ìyá ìyá wa fi pe kí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn dí? "Ìkọlù ọkàn" tí à ń kà nínú ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ àwọn oníròyìn àti àwa oníṣègùn ni. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu aláìsàn kan rí kí n tó sọ ọ́ fún un. Orúkọ tó wà nílé fún un tẹ́lẹ̀ ni ikú òjijì, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹni náà ti kú sì ni wọ́n ń sọ ìyẹn. Àwọn mìíràn a ní wọ́n ta á, àpèta ni. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ta òun yóò wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ọfà ayé, kì yóò wá ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, mi ò sì lè fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ó ti rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rín ní ìrọ̀lẹ́ tó sì di òkú kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

Ọ̀rọ̀ "ọkàn" fúnra rẹ̀ tún ń dí wa lọ́nà. Lẹ́nu wa, ọkàn kì í ṣe ẹran inú àyà nìkan, òun náà ni èrò, òun ni ìfẹ́, òun ni ìbànújẹ́. "Ọkàn mi kò balẹ̀", "ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́", "àyà mi ń já": gbogbo rẹ̀ ni à ń fi sọ ìdààmú. Mo rántí ìyá kan tí wọ́n gbé wá láti ọ̀nà Òmùò. Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọkàn àwọn kò lélẹ̀, pé nǹkan ń gbá àwọn láyà. Àwọn ọmọ jókòó tì wọ́n, wọ́n ń tù wọ́n nínú, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ronú mọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan tó wà nílé ẹjọ́. Àwọn ọmọ yẹn kò ya aláìbìkítà rárá. Wọ́n gbọ́ ohun tí ìyá sọ, wọ́n sì dá a lóhùn bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ilẹ̀ ti ṣú kí òógùn tútù tó bò wọ́n, kí ọ̀kan nínú wọn tó dìde wá ọkọ̀.

Ẹ má sì rò pé ìwé kíkà ń gbani lọ́wọ́ èyí. Ìpínlẹ̀ wa yìí ni wọ́n ti ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, mo sì ti tọ́jú ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró títí ó fi parí ìdánwò tó ń ṣọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí gan-an, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, jí lóru pẹ̀lú ohun kan tó ń tẹ̀ mí láàárín àyà. Mo jókòó sórí àga ní pálọ̀ nínú òkùnkùn, mo ń sọ fún ara mi pé ẹ̀wà tí mo jẹ ni, pé mo gbé àpótí ìwé kan lọ́sàn-án, pé bí mo bá pe àwọn ọmọṣẹ́ mi tí kò bá wá jẹ́ nǹkan kan, wọn yóò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ka ìlù ọwọ́ mi, mo tún un kà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó níbẹ̀ kí ìyàwó mi tó jáde síta wá bá mi, tó wò mí lójú, tó sì lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò láìbi mí ní nǹkan kan. Kò jẹ́ nǹkan kan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wákàtí kan àtààbọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n lè gbé ohùn sókè sí aláìsàn mọ́.

Ìtìjú wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì wà níbẹ̀. Akọ igi kì í ṣoje, bẹ́ẹ̀ ni a ti ń sọ fún ọkùnrin láti kékeré, ẹni tó sì ti jẹ́ ọ̀gá olùkọ́, tó ti jẹ́ bàbá ìjọ, kò fẹ́ kí wọ́n gbé òun gba ojú ọ̀nà kọjá lóru nítorí àyà dídùn. Àwọn àgbàlagbà wa mìíràn a ní àwọn kò fẹ́ da àwọn ọmọ láàmú. Owó náà ń bẹ níbẹ̀: ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò ní kí òun mú owó wá kí wọ́n tó fọwọ́ kan òun yóò máa fi ojú inú wo àpò rẹ̀ bí ìrora ṣe ń le. Òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà láti ní ìbánigbófò, Èkìtì sì ní ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n láti àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń sanwó. Bí bàbá kò bá tíì wà lórí ètò kankan, ẹ yára lọ bójú tó o.

Ti ìpè orí fóònù tó wáyé lóru yẹn ní tirẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín náà ka ibí yìí láìsí pé mò ń dá wọn lẹ́bi. Nílé Yorùbá, ẹnìkan kì í dá àìsàn àgbà pinnu. Ìyàwó á sọ fún àkọ́bí, àkọ́bí á sọ fún àbúrò bàbá, ẹnìkan á ní kí wọ́n pe wòlíì tàbí àlùfáà kó gbàdúrà sí i. Ohun rere ni ìgbìmọ̀ yìí níbi ìgbéyàwó àti níbi ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Níbi ọkàn tó ń kú, ìpè kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìṣẹ́jú 20, ẹni tí wọ́n pè ní Èkó ń gbọ́ ohùn ni, kò rí òógùn. Bàbá a sì máa tún ohùn ṣe fún ọmọ: "Kò le tó bẹ́ẹ̀, inú ni." Kí ni ọmọ yóò sọ? Àwọn tó ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú òyìnbó rí irú rẹ̀: ẹni tó bá kọ́kọ́ pe ẹbí tàbí tó kọ́kọ́ fi oògùn ilé dánwò máa ń pẹ́ dé ọsibítù ju ẹni tó gba ọ̀nà tààrà lọ.

Oníkẹ́míìsì tó fún bàbá lábẹ́rẹ́ ọgbẹ́ inú kò ṣe ohun tó dára, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró lórí rẹ̀ nìkan, àgàbàgebè ni mò ń ṣe. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwa dókítà pàápàá pé òpó ọkàn dídí kò wọ́pọ̀ lára adúláwọ̀, pé àìsàn òyìnbó ni. Òótọ́ ni pé rọpárọsẹ̀ náà ń pa wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí INTERHEART tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 52, tí àwọn kan ní Áfíríkà wà lára wọn, tó sì jáde ní 2004, fi hàn pé ohun kan náà ló ń fà á ní gbogbo ayé, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ikùn tó tóbi wà lára wọn, a kò sì ṣàìní ìkankan nínú wọn. Ọkùnrin kan tó jẹ́ awakọ̀ sọ fún mi pé ilé ìwòsàn méjì ni òun kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí òun. Oògùn ọgbẹ́ inú ni àkọ́kọ́ fún un, èkejì ní kó lọ sinmi kó padà wá ní ọjọ́ Ajé. Kò sí èyí tó fi ẹ̀rọ ECG wo ọkàn rẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ yẹn kò ju kí wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọ láyà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, òfin iṣẹ́ wa sì ni pé ẹnikẹ́ni tí àyà bá ń dùn gbọ́dọ̀ ti ṣe é láàárín ìṣẹ́jú 10 tó bá dé.

Ó yẹ kí ẹ bi mí pé ṣé a kàn lè máa polongo àwọn àmì rẹ̀ ni, lórí rédíò àti ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí. Wọ́n ti dán an wò. Ní Amẹ́ríkà, ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n mú ìlú 20, wọ́n pín wọn sí méjì-méjì, wọ́n sì fi oṣù 18 kọ́ àwọn ará ìlú ní ìdajì wọn ní àmì àìsàn yìí àti pé kí wọ́n sáré. REACT ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, àkókò tí aláìsàn fi ń dúró sílé kò yàtọ̀ láàárín ìlú tí wọ́n ti kọ́ wọn àti ìlú tí wọn kò ti kọ́ wọn. Ohun tó kàn yí padà ni pé àwọn tó ń pe ọkọ̀ áńbúláǹsì pọ̀ sí i. Ní tèmi, ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé mímọ àmì kò tó. Ẹni tó mọ àmì náà á ṣì jókòó ní òru, á máa wọn ìrora rẹ̀ wò mọ́ ohun tó mọ̀, á sì máa rí ibi tí kò ti dọ́gba. Ohun tí mo rí tó ń ran àwọn aláìsàn tèmi lọ́wọ́ ni kí wọ́n ti parí ìpinnu náà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí kò sí ohun tó ń dun ẹnikẹ́ni, kó má bàa sí ohun tí wọn yóò máa jíròrò lóru.

Ẹni tó ti ní i lẹ́ẹ̀kan lè tún ní i, nítorí náà bàbá yín nílò irú ìpinnu yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jókòó, kí gbogbo yín fẹnu kò sí gbólóhùn kan, bí irú èyí: bí nǹkan bá tẹ bàbá láyà, tàbí ní apá, ọrùn, àgbọ̀n tàbí òkè ikùn, tí wọ́n jókòó sinmi tí kò sì lọ fún ìṣẹ́jú 10, a ń lọ. Bí òógùn tútù, èébì tàbí èémí tó ń gbe bá bá a dé, a kò ní ka ìṣẹ́jú kankan. Kò sí ìpè sí Èkó kí ọkọ̀ tó gbéra. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti pè wọ́n.

Ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ kí ọjọ́ tó dé. Láti Ìjerò, ọsibítù ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó kò jìnnà, èyí tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó. Ẹ rìn lọ síbi tí ẹ bá yàn ní ọ̀sán, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ẹ̀rọ ECG ń ṣiṣẹ́ lóru, ṣé dókítà tó lè kà á máa ń wà, ṣé oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà nílẹ̀, bí kò bá sì sí, ibo ni wọ́n ń darí aláìsàn sí? Ẹ má ṣe yà síbi tí wọn kò ti ní ẹ̀rọ náà nítorí pé ó wà lẹ́bàá ilé. Ẹ ní awakọ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀kan, tí wọ́n gbà pé ẹ lè jí àwọn nígbàkúùgbà. Kí aláìsàn má wakọ̀ fúnra rẹ̀, kó má sì gun ọ̀kadà. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má sọ pé ara bàbá kò yá tàbí pé inú ń run wọ́n. Ẹ ní: "Àyà ń dùn wọ́n, wọ́n ti ní àìsàn òpó ọkàn rí." Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ inú rírun lè ní kí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ní ti àspírìn, ẹ bi dókítà bàbá ní ọjọ́ àyẹ̀wò wọn, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa lò ó lójoojúmọ́. Iye tí a sábà máa ń ní kí ẹni tó wà nínú irú òru yẹn jẹ lẹ́nu ni 300 mg, bí àspírìn kì í bá ṣe èèwọ̀ ara rẹ̀ tí kò sì sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀. Alábùkún tí a mọ̀ láti kékeré, àspírìn àti káfíìnì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun náà kò tó. Mi ò fẹ́ kí ẹ lò ó dípò, nítorí ẹni tó bá lò ó sábà máa ń dùbúlẹ̀ dúró kó ṣiṣẹ́, dídúró yẹn gan-an sì ni à ń sá fún. Bí bàbá bá ṣubú, tí wọn kò dáhùn, tí wọn kò sì mí dáadáa, kí ẹnìkan kúnlẹ̀ kó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà wọn mọ́lẹ̀ kíkankíkan, ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ó ku ti màmá yín. Ẹ tún lẹ́tà yín kà. Nínú gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lóru yẹn, àti bàbá, àti ẹ̀gbọ́n yín, àti oníkẹ́míìsì, màmá nìkan ló dárúkọ ọsibítù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n sì ti dárúkọ rẹ̀. Wọ́n rí òógùn náà. Ohun tí wọn kò ní ni àṣẹ, nítorí aláṣẹ ilé ni ẹni tó ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn sọ ọ́ lójú gbogbo yín, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù, pé bí màmá bá ti ní "ó yá", àwọn yóò dìde. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ nọ́ńbà àwọn awakọ̀ méjèèjì sínú fóònù màmá, kí ẹ pa iná pálọ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n pe ọ̀kan nínú wọn lójú yín láìlo awò ojú wọn.